Ìṣísẹ̀ Mẹ́rìnlá láti Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀yìn

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá ènìyàn ṣe àríyànjiyàn nítorí ìlà orí ìwé. Iṣẹ́ mi ni. Ní ọ́fíìsì wa, ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Lálùpọn, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gbọ́dọ̀ gbé pláànù rẹ̀ wá kí á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. À ń wo bí ilé náà yóò ṣe jìnnà sí títì tó, ibi tí kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò wà, àti bóyá afẹ́fẹ́ yóò ráyè wọ yàrá. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wa yóò gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù, láti mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú ìwé ló wà nílẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, ìwé yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Bí ẹnìkan bá sì ń kọ́lé láìgba ìwé, ọ̀dà pupa la fi ń kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró. Èmi ni mo máa ń gbé agolo ọ̀dà náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi ń sá bí wọ́n bá rí mi ní abúlé, tí àwọn ìyá wọn sì ń kí mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo le lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní apá Akínyẹlé, bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Ìrókò. Yàrá méjì ni wọ́n fẹ́ fi kún ilé wọn. Mo ti gba àdúgbò wọn kọjá rí, mo sì mọ̀ pé ilé ìdáná alámọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé náà. N kò rí i nínú ìwé.

"Bàbá, ilé ìdáná yín dà?" ni mo bi wọ́n.

"Ó wà nílé. Ta ni yóò gbé e?"

"Inú ìwé ni mo ń wí. Ẹ ní láti fà á síbẹ̀."

"Ṣebí ó ti wà kí wọ́n tó bí ọ. Yàrá tuntun ni mo wá tọrọ àyè fún. Èyí tó ti wà, mi ò tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan."

Mo dá ìwé wọn padà. Wọ́n lọ, wọ́n tún bọ̀. Wọ́n ti fa ilé ìdáná náà, ṣùgbọ́n wọn kò wọ̀n ọ́n, ojú lásán ni ẹni tó yà á fún wọn fi wò ó. Mo tún dá a padà. Mo ní fún wọn pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé, tàbí tó bá wà níbẹ̀ láìpé, lójú ìjọba kò sí. Bàbá náà ká ìwé wọn sábẹ́ apá. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "ohun tó bá wà nílẹ̀ ló wà." Mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ náà, a sì fi bàbá náà ṣẹ̀rín jẹun ọ̀sán. Ojú máa ń tì mí báyìí nígbà tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn.

Ilé bàbá mi kò jìnnà sí Lálùpọn. Ilé alámọ̀ ni, tí wọ́n rẹ́ lóde pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, tí páànù rẹ̀ ti pọ́n kí n tó mọ̀wé kọ. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọba ni bàbá mi kú. Ẹni tó mú ẹ̀sìn lọ́kùn-únkúndùn ni wọ́n, wọn kò fẹ́ afẹfẹyẹ̀yẹ̀ kankan. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde láyé ni wọ́n pe gbogbo wa jọ, wọ́n ní, "Ẹ má gbé sìmẹ́ńtì lé mi láyà o. Ẹ má kọ nǹkan kan sí mi lórí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ bò mí bó ṣe bo àwọn bàbá mi." Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe. Ẹ̀yìnkùlé la sin wọ́n sí. Òjò ọdún kejì tẹ́ òkìtì náà pẹrẹsẹ, koríko hù, ewúrẹ́ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Àlejò kò lè mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀.

Ìyá mi mọ̀. Láti orí òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ni, ìṣísẹ̀ tiwọn, gbọnrangandan, kí a kọjú sí gábàsì. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á bọ́ bàtà sílẹ̀ lórí òkúta yẹn, wọ́n á ka ìṣísẹ̀ wọn, wọ́n á sì dúró. Wọ́n á kí bàbá mi ní kíkí mùsùlùmí. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn. Ẹni tó bímọ, ẹni tó ta ilẹ̀, èwo nínú àwa ọmọ ni kò tíì wá wo ilé láti ìgbà ọdún. Mo ti gbọ́ tí wọ́n fi èmi gan-an sùn rí. Nígbà tí wọ́n bá parí, wọ́n á sún sí apá ọ̀tún díẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ nu ilẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń tún ẹní ṣe.

Àyè tiwọn nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi ń tọrọ lọ́wọ́ wa ni. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jọ́ ọdún, wọ́n ń sọ ọ́ nígbà àìsàn, bí inú bá bí wọn pàápàá wọ́n á fi kádìí rẹ̀. "Apá ọ̀tún bàbá yín ni kí ẹ tẹ́ mi sí. Ẹ má gbé mi lọ sí ibi ìsìnkú kankan nígboro. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dá sùn. Mi ò tọrọ nǹkan míì."

Nígbà tó yá, ògiri ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lọ́nà jíjìn lẹ́yìn ilé, ìyá mi sì ṣubú lọ́nà ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ òjò kan. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí á kọ́ yàrá mẹ́ta fún Ìyá, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ilé." Ilẹ̀ wà lẹ́yìn dáadáa. Awọnlẹ̀ ti wọ̀n ọ́n, ó sì ti ri àwọn òkúta sìmẹ́ńtì rẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láyé bàbá mi. Ó ku ìwé àṣẹ.

Èmi ni mo ya pláànù náà. Mo fi ilé tuntun náà sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ̀yìnkùlé àtijọ́ lè wà lófìfo fún bàbá mi àti fún ẹni tí yóò bá wọn níbẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: ilé àtijọ́ ti sún mọ́ títì jù, òfin sì sọ pé kí irú rẹ̀ wó kí a tó fọwọ́ sí ìpìlẹ̀ tuntun lórí ilẹ̀ kan náà. Kì í ṣe pé n kò lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi sílẹ̀. Mo mọ ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní wí pé nítorí ilé bàbá mi ni mo ṣe fi òfin pamọ́? Àwọn tí mo ti kun ògiri wọn ní ọ̀dà pupa pọ̀ lágbègbè yẹn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ni mo wí fún àbúrò mi, àyà mi sì gbé sókè bí mo ṣe ń wí i.

Nígbà tí ìwé náà dé iwájú ọ̀gá mi, ó yẹ kí wọ́n rán ẹnìkan lọ wò ó nílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ilé bàbá ẹ ni. Ṣé a tún máa lọ wọn ibi tí wọ́n ti bí ẹ?" Wọ́n buwọ́ lù ú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gba ìwé mi.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kí opó rí i bí ilé ọkọ rẹ̀ ṣe ń wó. Kì í ṣe òfin ẹ̀sìn, àánú lásán ni. Ojú tó rí i bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n kò yẹ kó rí i bó ṣe ń wó. A gbà pé kí ìyá mi lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Ajíbọ́dé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ọkọ̀ ti dúró lójú títì, awakọ̀ ń fọn fèrè. Ìyá mi ti jókòó tán nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó tún mú ọ̀pá wọn, wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

"Bàbá yín ńkọ́?" wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kí n lọ fi ibẹ̀ hàn yín, kí ẹ ri igi kan sí i."

Àbúrò mi ọkùnrin ti ń wá igi kiri. Èmi ni mo dá wọn dúró. Mo fi ọwọ́ kan pláànù tó wà lábíyá mi.

"Ìyá, ẹ jókòó, awakọ̀ ń kánjú. Ilé yìí wà nínú ìwé látòkèdélẹ̀, ògiri rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ wó lónìí, mo lè fi ọwọ́ mi gbé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn padà síbi tó wà lọ́la. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá, ṣebí mo mọ̀ ọ́n."

Wọ́n wo ìwé náà. Ìyá mi kò mọ̀wé àyàfi ti kéwú, ṣùgbọ́n wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìwé, pàápàá èyí tó bá ti ọwọ́ mi wá. "Gómìnà mi," wọ́n ní, bí wọ́n ṣe máa ń fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́, "ó dáa náà." Wọ́n gbé ẹsẹ̀ padà sínú ọkọ̀.

Katapílà dé lọ́jọ́ kejì. Kò ju ìgbà tí ènìyàn lè fi se iṣu lọ, ilé náà ti di erùpẹ̀. Ó hú igi máńgòrò méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé wọn kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ yanrìn ráyè wọlé. A ti sọ fún awakọ̀ rẹ̀ pé kó má gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé rárá, kò sì gbẹ́ ẹ. Ohun tó ṣe ni pé ó ti erùpẹ̀ ògiri náà síbẹ̀, ó tẹ́ ẹ, nítorí pé omi máa ń dá ọ̀gọ̀dọ̀ síbẹ̀ nígbà òjò. Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, láti ojú títì títí dé ibi tí ilé tuntun yóò wà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó pupa, ó mọ́. Ó wù mí. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni ìyá mi dé. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n wo ibi tí ilé ti dìde kúrò, wọ́n ní "Alihamudulilahi," wọ́n sì mú ọ̀pá wọn lọ sẹ́yìn. A tẹ̀ lé wọn. Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n yí sí ọ̀tún, wọ́n yí sí òsì. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n sì dúró lórí erùpẹ̀ pupa yẹn pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, nítorí wọn kò rí òkúta tí wọ́n máa gbé e lé.

"Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dà?" wọ́n ní.

Àbúrò mi ọkùnrin nawọ́ sí ibì kan. Èmi náà nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí mo nawọ́ sí yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ìyá mi wo ọwọ́ wa méjèèjì. Wọn kò pariwo. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ní ìwé."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti lọ kó fáìlì náà jáde ní ọ́fíìsì. Mo tẹ́ pláànù náà sórí tábìlì. Ilé àtijọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo fi ìlà gígé-gígé fà á bí a ṣe máa ń fa ilé tí yóò wó. Mo wo òǹkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mítà mẹ́fà gééré láti ààlà. Mítà méjìlá gééré ní gígùn. Mítà mẹ́sàn-án gééré ní ìbú. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wà láàárín gbùngbùn ògiri.

Kò sí ilé alámọ̀ tí òǹkà rẹ̀ máa ń pé gééré báyìí, láìsí sẹ̀ǹtímítà kankan lẹ́yìn. Bí ẹlòmíràn bá gbé irú rẹ̀ wá bá mi, mo ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wa kò sí láàárín rárá, ó sún sí ọ̀dọ̀ yàrá ìyá mi. Báwo ló ṣe sún tó? N kò mọ̀. Ibi tí mo ti ń gba àárín rẹ̀ sáré wọlé láti kékeré ni, n kò sì mọ̀. Mo wá rántí ọjọ́ tí mo ya pláànù náà. Òjò ń rọ̀, ọ̀nà abúlé ti di ẹrẹ̀, mo sì jókòó sídìí tábìlì yìí gan-an, mo ní ṣebí ilé bàbá mi ni, ta ló tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Orí ni mo fi wọ̀n ọ́n. Èmi tí mo dá bàbá Ìrókò padà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ilé ìdáná.

Mo wá ọ̀nà mìíràn. Mo wò ó lórí fóònù, níbi àwòrán tí wọ́n ń yà láti ojú ọ̀run. Àwọn igi máńgòrò náà bo òrùlé mọ́lẹ̀, ewé nìkan ni mo rí. Mo wá òkúta ẹnu ọ̀nà náà láàárín erùpẹ̀. Mo rí òkúta, wọ́n tó mẹ́wàá, kò sì sí èyí tó wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ká gbẹ́lẹ̀ wá bàbá mi kò tilẹ̀ ṣeé wí jáde lẹ́nu.

Ìyá mi kò padà sí Ajíbọ́dé. Wọ́n ń gbé nínú yàrá kan tí àwọn ará ilé kejì yọ̀ǹda fún wa títí ilé tuntun yóò fi parí. Wọn kò lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Wọ́n á kírun àsùbáà, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa wo ọ̀nà ibẹ̀. Oúnjẹ wọn dínkù. Àbúrò mi lọ pe ààfáà tó ń bá wa gbàdúrà. Ààfáà fi ohùn jẹ́jẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ibikíbi tí ẹ bá dúró sí, àdúà yín á dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọlọ́run mọ ibi tí wọ́n wà."

"Mo mọ̀ pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, Ààfáà," ni ìyá mi dáhùn. "Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé téèpù gígùn láti ọ́fíìsì, mo gbé pláànù, mo gé èèkàn kan. Mo ní kí wọ́n gbé àga wá fún ìyá mi. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Mo tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ níwájú wọn. Mo ní kí àbúrò mi di etí téèpù mú lórí òkúta awọnlẹ̀, mo fà á, mo wo òǹkà, mo pè é sókè kí wọ́n lè gbọ́. Mo sàmì sí ibi tí mo pè ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo wá kọjú sí gábàsì, mo gé ìṣísẹ̀ mi kúrú kó lè dà bíi ti obìnrin, mo kà á dé mẹ́rìnlá, mo sì ri èèkàn náà mọ́lẹ̀. Òógùn bò mí bí ẹni tó ṣiṣẹ́ gidi.

Ìyá mi ti dìde lórí àga.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Ìyá."

"Bí ìwé ṣe wí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí."

Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí lóòótọ́. Ìyá mi bọ́ bàtà wọn, wọ́n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn náà, ojú wọn sì tàn débi pé mo ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Salamu aleekun," wọ́n ní. "Ẹ má bínú sí wa o. Ilé ni àwọn ọmọ yín ń tún ṣe, wọ́n da erùpẹ̀ lé yín lórí díẹ̀. A ti rí yín báyìí." Wọ́n wá ròyìn ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò ní Ajíbọ́dé fún èèkàn náà, àti bí àwọn ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá níbẹ̀ kì í ṣe jẹun àárọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sún sí apá ọ̀tún, wọ́n fi ẹsẹ̀ nu ilẹ̀.

Ilé tuntun parí. Ìyá mi gbé inú rẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ilé náà débi pé àlejò kò lè lọ kí wọ́n tó fi hàn án. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń lọ sídìí èèkàn náà, wọn kò pa ọ̀kan jẹ. Wọ́n tún ti ń jẹun dáadáa. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń sọ fún ara mi pé ohun tí mo ṣe kò burú. Ta ni kò ní parọ́ fún ìyá rẹ̀ kí ó lè jẹun? Ìgbà mìíràn sì wà tí mo máa ń fẹ́ jẹ́wọ́. Mà á ti gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà, mà á bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ ìròyìn fún ilẹ̀, mà á sì gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n kú, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wẹ́rẹ́. A kì í fi òkú mùsùlùmí pamọ́, kí ó tó di ọ̀sán wọ́n ti ń wẹ̀ wọ́n. Bàbá kan nínú ẹbí wa, tí wọ́n ti darúgbó, tí wọ́n wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè bàbá mi, ṣùgbọ́n tí àwọn náà kò mọ ojú ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ilé ti wó, ló wá darí àwọn tó ń gbẹ́ tiwọn. Mo fi apá ọ̀tún èèkàn náà hàn wọ́n. "Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa," ni mo ní, "ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn."

Ilẹ̀ náà le. Lẹ́yìn erùpẹ̀ tí katapílà tẹ́ lé e, wọ́n kan yangí. Bàbá náà dá wọn dúró. Bàbá fúnra wọn bọ́ sínú kòtò náà, wọ́n fi ọwọ́ pa ògiri rẹ̀ tó wà lápá ibi èèkàn, wọ́n sì fi ṣọ́bìrì kàn án díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá ti gbẹ́ rí máa ń rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń dàpọ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wa, kò sí ẹni tí kò mọ ìyẹn. Yangí náà kò lálàfo, ó gba inú ilẹ̀ lọ lápá ibẹ̀ bó ṣe wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. "Ta ló ri èèkàn yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

Wọ́n wo ọ̀nà ilé. Àwọn ènìyàn ti ń gbé ìyá mi bọ̀, ohùn àwọn tó ń ṣàdúà ti ń dún. Bàbá náà tún wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì fún mi ní ọwọ́ kí n fà wọ́n jáde. "Ó dáa," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. A tẹ́ ìyá mi síbẹ̀, lápá ọ̀tún èèkàn, wọ́n kọjú sí gábàsì.

Bí ilé bá ti parí, ọ́fíìsì wa máa ń béèrè pláànù ìkẹyìn, tó ń fi hàn bí gbogbo nǹkan ṣe wà nílẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mú un wá, àwa náà kì í sábà lé wọn. Mo pinnu pé tèmi á wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan tí oòrùn kò mú púpọ̀, èmi àti àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ láti igun kìíní. A wọn ilé tuntun, a wọn kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a wọn ọgbà. N kò kọ òǹkà kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kan ibi tí ìyá mi wà, mo wọ̀n ọ́n láti orí òkúta awọnlẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè rí wọn bí gbogbo nǹkan mìíràn bá tilẹ̀ pòórá. Wọn kò ní sìmẹ́ńtì lórí. Mo fà wọ́n sínú ìwé, àpótí kékeré kan, mo kọ òǹkà sí i. Kò sí mítà gééré kankan nínú wọn, gbogbo wọn ló ní sẹ̀ǹtímítà lẹ́yìn.

Ìgbà náà ni àbúrò mi sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

"Ó ku ti Bàbá, ẹ̀gbọ́n."

Ó ti di etí téèpù mú, ó dúró lórí òkúta awọnlẹ̀, ó ń wojú mi, ó ń retí kí n fa èyí tó wà lọ́wọ́ tèmi lọ síbi tó yẹ. Èèkàn náà ṣì wà níbi tí mo rì í sí. Mo di téèpù náà mú, n kò sì mọ apá ibi tí mo lè gbà.